ÌṢẸ́JÚ 50 KÌ Í ṢE ÒFÒ

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ wa,

Ẹ̀yin ará Èjìgbò tí ẹ máa ń lọ sí Abidjan, ẹ mọ ọ̀sà Ébrié tí ó yí ìlú náà ká. Létí ọ̀sà yìí ni Songon wà, lójú ọ̀nà Dabou. Ní Taboth, tí kò jìnnà sí Songon, ni ilé-iṣẹ́ amúnáwá Atinkou wà, tí agbára rẹ̀ jẹ́ 390 megawatt. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀sà Èkó wà lẹ́bàá ilé-iṣẹ́ amúnáwá Egbin lágbègbè Ìkòròdú. Ọ̀rinrin ọ̀sà kò mọ ààlà orílẹ̀-èdè. Bí ẹ̀rọ bá dúró tí ó tutù, ọ̀rinrin a wọ ìbòrí wáyà inú rẹ̀. Bí a bá tan iná sí i láìyẹ̀ ẹ́ wò, ẹ̀rọ lè jóná, ó sì lè pa ẹni tí ó wà nítòsí.

Nítorí èyí ni a ṣe ń lo Megger. Ó ń fi 500, 1,000 tàbí 5,000 volt dán ìbòrí wáyà wò. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún yín pé mítà kékeré inú àpò ti tó. Volt mélòó kan kò lè tú àṣírí àléébù tí 5,000 volt ń tú.

Fún àwọn ẹ̀rọ ńlá, a ó ka ìwọ̀n náà ní ìṣẹ́jú kìn-ín-ní, a ó tún kà á ní ìṣẹ́jú kẹwàá. A ó wá fi ti àkọ́kọ́ pín ti ìkẹyìn. Ìlànà IEEE 43 sọ pé fún ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ òde òní, èsì náà kò gbọdọ̀ dín sí 2. Lẹ́yìn èyí, a ó so wáyà náà mọ́ ilẹ̀ fún ìlọ́po mẹ́rin àkókò ìdánwò, ó kéré tán. Ìṣẹ́jú 10 àti ìṣẹ́jú 40: 50 ni.

Ibí gan-an ni ìjà wà. Àwọn ọ̀gá a máa wí pé, “Ẹ ṣe kíá, owó ń ṣòfò.” Wọn a fẹ́ kí a wọ̀n ọ́n ní ìṣẹ́jú 1, kí a sì kọ ọ́ pé ó dára. Orúkọ ta ni ó wà lábẹ́ ìwé náà? Ti òṣìṣẹ́ ni. Ọwọ́ ta ni yóò kọ́kọ́ kan wáyà náà? Ọwọ́ òṣìṣẹ́ ni. Kébù gígùn sì ń tọ́jú iná bí ìkòkò ṣe ń tọ́jú omi. Pé a ti pa Megger kò ní kí iná inú rẹ̀ tán.

Òótọ́ ni pé ẹ̀rọ tí ó dúró kì í pa owó wọlé. Ṣùgbọ́n èyí tí ó jóná lè dúró fún ọ̀pọ̀ oṣù, òṣìṣẹ́ tí ó kú kì í sì í padà.

Ẹ̀tọ́ wa ni èyí. Àdéhùn 155 ti ILO, ti ọdún 1981, dáàbò bo òṣìṣẹ́ tí ó yẹra fún ewu ńlá tí ó súnmọ́lé. Nàìjíríà fọwọ́ sí i ní 1994, Côte d'Ivoire ní 2016.

Nítorí náà, ní ẹ̀ka ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ béèrè pé kí a kọ ìṣẹ́jú 50 náà sínú àdéhùn iṣẹ́. Ẹ béèrè Megger tí a ti yẹ̀ wò pé ó péye. Ẹ má ṣe fọwọ́ sí ìwọ̀n tí ojú yín kò rí.

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Ẹ jẹ́ kí a fìmọ̀ ṣọ̀kan kí ọ̀ràn tó dé.