Ilé-Ẹ̀kọ́ Ìlera Kò Gbọdọ̀ Sá fún Aláìsàn

Ọ̀kan nínú àwọn ibi tí ilé-iṣẹ́ ńláńlá pọ̀ sí jù lọ ní Nàìjíríà ni Ọ̀tà, Sango àti Àgbárá jẹ́. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ́ irin, tí wọ́n ti ń ṣe ike, oògùn àti oúnjẹ inú páálí. Ìkànìyàn 2006 ka ènìyàn 526,565 ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ẹ̀rọ ń gé lọ́mọ ìka, tí eruku ń wọ̀ lẹ́dọ̀fóró, tí ariwo sì ń di létí díẹ̀díẹ̀. Ìbéèrè tí ó yẹ kí gbogbo onílàákàyè bèèrè nìyí: níbo ni àwọn tí yóò tọ́jú wọn lọ́la ti ń kọ́ṣẹ́ lónìí?

Inú ọgbà ni. Ọgbà tí wọ́n mọ odi yí ká. Ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti Yunifásítì Olabisi Onabanjo, tí Ìpínlẹ̀ Ògùn dá sílẹ̀ ní 1982, wà ní Ṣàgámù. Ní Ọ̀tà fúnra rẹ̀, lójú ọ̀nà Ìdírókò, Yunifásítì Covenant ti wà láti 2002, Bells sì ti wà láti 2005. Nítorí náà, kì í ṣe ọgbà ni ó wọ́n. Ohun tí ó wọ́n ni ọ̀nà tí akẹ́kọ̀ọ́ ìlera yóò gbà láti inú ọgbà dé ìdí ẹ̀rọ.

Kí a fi òjé ṣe àpẹẹrẹ. Ẹni tí ń yọ́ bátìrì ògbólógbòó ń fa èéfín òjé símú. Inú a máa run ún, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ a dínkù, orí a máa fọ́ ọ, àárẹ̀ a sì dá a wó. Dókítà tí kò bèèrè iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lè pè é ní ibà, kí ó fún un lóògùn ibà, kí ó sì dá a padà sínú èéfín náà. Ní Zamfara ní 2010, òjé inú òkúta wúrà tí wọ́n ń lọ̀ láàrin ilé pa àwọn ọmọdé tí iye wọn lé ní 400. Láti 1700 ni Bernardino Ramazzini, oníṣègùn ará Ítálì, ti kìlọ̀ nínú ìwé rẹ̀ pé kí oníṣègùn máa bèèrè iṣẹ́ tí aláìsàn ń ṣe. Ìbéèrè yìí kì í tètè wá sẹ́nu ẹni tí kò fẹsẹ̀ tẹ ilé-iṣẹ́ rí.

Ẹni tí ó bá ní kò ṣeé ṣe, kí ó wo Igbó-Ọrà. Láti 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti gbé ètò ìlera Ìbàràpá kalẹ̀ níbẹ̀, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ń lọ gbé láàrin àwọn àgbẹ̀, tí wọ́n ń wọ agboolé, tí wọ́n ń wo omi tí ìlú ń mu. Yunifásítì Ìlọrin pẹ̀lú fi irú rẹ̀ sínú ẹ̀kọ́ ìṣègùn tirẹ̀. Bí èyí bá tọ́ sí àgbẹ̀ Ìbàràpá, kí ni òṣìṣẹ́ Sango ṣẹ̀?

Àwọn kan a máa wí pé afẹ́fẹ́ Ọ̀tà kò yẹ ọmọ ẹni. Wọ́n a tilẹ̀ fi Al-Razi ṣe ẹ̀rí. Ìtàn sọ pé nígbà tí wọ́n ní kí ó yan ibi tí wọn yóò kọ́ ilé ìwòsàn sí ní Baghdad, ó gbé ẹran kọ́ sí àdúgbò kọ̀ọ̀kan, ó sì yan ibi tí ẹran ti pẹ́ jù kí ó tó jẹrà. Ọgbọ́n gidi ni. Ṣùgbọ́n aláìsàn ni Al-Razi ń wá afẹ́fẹ́ rere fún. Kò wá ibi tí oníṣègùn yóò sá pamọ́ sí. Bí afẹ́fẹ́ Ọ̀tà bá burú fún ọmọ ọlọ́lá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, báwo ni ó ṣe dára fún ọmọ tálákà fún ogún ọdún?

Ẹ̀bi náà kò kan ìjọba nìkan. Imaamu Al-Ghazali, tí ó kú ní 1111, ka ìmọ̀ ìṣègùn sí fardu kifayah, ó sì bẹnu àtẹ́ lu àwọn tí ń rọ́ wọ inú ẹ̀kọ́ òfin ẹ̀sìn nígbà tí ìlú wọn kò ní oníṣègùn Mùsùlùmí. Irú rẹ̀ kò tíì tán nílẹ̀. Owó aṣọ ẹbí, owó wólímà aláriwo àti owó Hajj ẹlẹ́ẹ̀kẹta tó kọ́ ilé gbígbé fún akẹ́kọ̀ọ́ ìlera ní Ọ̀tà, ti ọkùnrin lọ́tọ̀, ti obìnrin lọ́tọ̀, pẹ̀lú omi, iná àti ibi ìkírun. Sàdákà jàríyà ni, èyí tí èrè rẹ̀ kì í dúró bí olówó rẹ̀ tilẹ̀ kú.

Ohun tí ó kù kò ju mẹ́ta lọ. Kí àwọn yunifásítì sọ gbígbé ní Ọ̀tà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan di ọ̀ranyàn fún akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn àti ti nọ́ọ̀sì. Kí àwọn onílé-iṣẹ́ ṣí ilẹ̀kùn fún wọn, láìfi èéfín àti ìjàm̀bá pamọ́. Kí ilé ìwòsàn ìjọba máa kọ iṣẹ́ ọwọ́ aláìsàn sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. Ẹni tí ó bá kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ó má ṣe pè é ní kádàrá nígbà tí òṣìṣẹ́ bá ń wúkọ́ ẹ̀jẹ̀. Kí Ọlọ́run Ọba tọ́ àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn sọ́nà. Àmín.