Sí Mínísítà Ètò Ìlera Bẹ̀nẹ̀ lọ́dún 2020: Ta Ni Yóò Bá Ẹni Tí Kò Lè Sọ̀rọ̀ Bèèrè Omi?

Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Hounkpatin, ẹ mọ bí kòrónà ṣe wọ Bẹ̀nẹ̀ lóṣù kẹta ọdún 2020, a kò ní í tún un sọ. Lọ́dún náà, ilé ìwòsàn kan tún dá ìyá kan láti ìgbèríko Kpoulou padà. Ọmọ rẹ̀, onízémíjàn tó ń fi alùpùpù gbé èrò, ló gbé wá kí wọ́n bá a na apá àti ẹsẹ̀ tó rọ. Wọ́n ní nítorí kòrónà, iṣẹ́ yẹn kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ìdènà tí ìjọba fi sójú ọ̀nà nítorí kòrónà kúrò ní 11 oṣù karùn-ún 2020. Kí ló dé tí kò kúrò lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn?

Oṣù kẹrin ni ọkùnrin náà ṣubú lórí alùpùpù, láìdé akoto, ó sì forí ṣèṣe. Ìdènà ṣì yí Kútọnu àti Àjàṣẹ́ ká nígbà náà, ọkọ̀ èrò kò gbọdọ̀ rìn bó ṣe wù ú. Bí ẹbí rẹ̀ bá sì ní kí àwọn gbé e gba Nàìjíríà tó wà nítòsí lọ, láti oṣù kẹjọ 2019 ni Nàìjíríà ti ti ẹnubodè tirẹ̀, kò sì tíì ṣí i nígbà náà. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń ya nínú agbárí, kò ríbi gbà jáde, ọpọlọ ló ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láàárọ̀ lè dákú lọ́sàn-án. Sìkánà ló ń fi í hàn, oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ ló ń tú u sílẹ̀, kò sì gbọdọ̀ pẹ́.

Wọ́n padà rí ọ̀nà dé ilé ìwòsàn. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Dókítà ni yín, ẹ mọ̀ pé ẹbí ní ń sùn ti aláìsàn lọ́dọ̀ wa: òun ní ń ra oògùn, òun ní ń fọṣọ, òun ní ń yí i padà kí ara rẹ̀ má baà di egbò. Kòrónà dé, wọ́n lé ẹbí jáde. Ó dáa. Ta ni wọ́n fi rọ́pò wọn? Ìyá ń gbé ògì fún gáàdì. Bí abọ́ bá padà dé, ògì á ti dì, ṣíbí á gbẹ. Nígbà tí wọ́n jẹ́ kó rí ọmọ rẹ̀, gìgísẹ̀ àti ìbàdí ti bó. Ẹni tó kán lẹ́sẹ̀ lè pariwo ebi. Ẹni tó fi ọpọlọ ṣèṣe kò lè bèèrè omi. Ìyá tó yẹ kó máa ki í ní oríkì láràárọ̀, bóyá yóò la ojú, àlejò ni wọ́n kà á sí!

Àwọn oníwádìí ṣírò rẹ̀ lóṣù karùn-ún 2020 pé iṣẹ́ abẹ tó lé ní mílíọ̀nù 28 ni kòrónà máa sún síwájú tàbí fagi lé kárí ayé láàárín ọ̀sẹ̀ 12. Àwọn yẹn ṣeé sún. Àbí orí tó fọ́ náà lè gba ọjọ́ mìíràn?

Ẹ fọwọ́ sí i, kó di òfin: ẹbí kan ṣoṣo, tòun ti ìbòmú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnikẹ́ni tí kò lè sọ̀rọ̀. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í na àwọn tó rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀ lọ́la. A fẹ́ sìkánà tó ń ṣiṣẹ́ nítòsí Pobè, lágbègbè Kpoulou. Áńbúláǹsì tí epo wà nínú rẹ̀. Akoto ńkọ́? Àwọn tírélà síméǹtì Onigbolo tó ń bá alùpùpù du ọ̀nà lóru ńkọ́? Bí ẹ bá ní ti mínísítà mìíràn nìyẹn, ìgbìmọ̀ kan náà kúkú lẹ jọ ń jókòó sí ní gbogbo ọjọ́rú.