Àáké Ta Ni?

Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ẹni tó bá ti rí oyin nínú pàlàpálá àpáta rí mọ ohun tí àwọn àgbà ń sọ. Ọwọ́ kò lè dé ibẹ̀, igi kò lè ṣí i. Àfi kéèyàn fi irin lu òkúta, irin tó bá sì lu òkúta, ẹnu rẹ̀ yóò kú. Ẹni tó bá ń ṣàánú àáké yóò padà sílé láìtọ́ oyin wò. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pa òwe náà fún ọmọ tó fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́, fún obìnrin tó fẹ́ fi gbogbo owó ọwọ́ rẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù, fún ẹni tí ẹ̀rù ìnira ọdún díẹ̀ ń bà. Ìmọ̀ràn ìgboyà ni, ó sì dára. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí òwe náà kò sọ, bóyá nítorí pé àwọn tó kọ́kọ́ pa á gbà pé kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n: ẹni tó fẹ́ jẹ oyin ló ni àáké. Bí ẹnu rẹ̀ bá kú, òun náà ni yóò gbé e tọ alágbẹ̀dẹ lọ.

Fíìmù Amẹ́ríkà kan tó jáde lọ́dún 2005, Hustle & Flow, ló mú mi ro ọ̀rọ̀ yìí. Craig Brewer ló kọ ọ́, òun náà ló darí rẹ̀. Ìlú Memphis ní ìpínlẹ̀ Tennessee, létí odò Mississippi, ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti yà á. DJay, tí Terrence Howard ṣe, ni ọkùnrin inú rẹ̀. Ọmọ ìta ni. Inú ọkọ̀ ògbólógbòó kan tó gbóná bí ààrò ló ti ń ṣòwò: ó ń gbé obìnrin fún ọkùnrin tó bá lówó lọ́wọ́, ó sì ń ta igbó mọ́ ọn. Ọjọ́ ń lọ lórí rẹ̀, kò sì sí ohun kan láyé tó lè nàka sí pé òun lòun ṣe é. Lọ́jọ́ kan, dùrù Casio kékeré kan bọ́ sí i lọ́wọ́ látọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tí oògùn olóró ti sọ dìdàkudà. Kò pẹ́ sígbà náà ló pàdé Key, tí wọ́n jọ lọ ilé ẹ̀kọ́, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ gbígba ohùn àwọn èèyàn sílẹ̀. Key mú un lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan. Obìnrin kan ń kọrin níbẹ̀, omijé sì bọ́ lójú DJay. Ó ti rí oyin.

Kí n tó bá a jà, ẹ jẹ́ kí n sọ ti òkúta. Memphis kì í ṣe ìlú tó tọ́jú ọmọ rẹ̀ aláwọ̀ dúdú. Ibẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ kólẹ̀kódọ̀tí ti daṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 1968 nítorí owó oṣù tí kò tó nǹkan àti ìyà ẹnu iṣẹ́, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti yìnbọn pa Martin Luther King nígbà tó wá ti àwọn òṣìṣẹ́ náà lẹ́yìn, ní ọjọ́ 4 oṣù kẹrin ọdún yẹn. Iléeṣẹ́ orin Stax, tó gbé orúkọ ìlú náà dé ibi gbogbo láyé, wọ gbèsè títí tí wọ́n fi tì í pa ní 1975. Ọmọ tó bá dàgbà sí àdúgbò bíi ti DJay lẹ́yìn ìyẹn ń gbọ́ ìtàn oyin lójoojúmọ́, kò sì sẹ́ni tó fún un ní irin kankan. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ ráàpù tiwọn, inú yàrá ni wọ́n ti ń gbà á sílẹ̀, kásẹ́ẹ̀tì ni wọ́n sì ń tà láti ọwọ́ dé ọwọ́.

Ibi tí fíìmù náà ti dùn jù ni ibi iṣẹ́. Wọ́n sọ yàrá kan nínú ilé DJay di sitúdíò. Wọ́n kan páálí tí wọ́n fi ń gbé ife ohun mímu mọ́ ara ògiri kí ohùn má baà máa sán padà. Bí wọ́n bá fẹ́ gba ohùn sílẹ̀, wọ́n á pa fáànù kí ariwo rẹ̀ má baà wọnú orin, òógùn á sì bò wọ́n. DJay jáde lọ bá aládùúgbò rẹ̀ pé kó dín ariwo rẹ̀ kù. Shelby, ọmọkùnrin òyìnbó tó ń tẹ dùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì, to ìlù náà lé ara wọn. Nígbà tí orin ń fẹ́ ègbè, Shug, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin DJay, ni wọ́n ní kó gbè é. Obìnrin náà wà nínú oyún, ó sì ti jẹ́ ẹni tí wọ́n ń pè láti ṣe tibí tọ̀hún. Kò sẹ́ni tó bi í rí bóyá ó lè kọrin. Ohùn rẹ̀ kọ́kọ́ há sí i lọ́fun. Wọ́n ní kó tún un ṣe, ohùn náà sì jáde. Taraji P. Henson ló ṣe Shug, òun fúnra rẹ̀ ló sì kọ ègbè náà. Bí ojú rẹ̀ ṣe yí padà nígbà tó gbọ́ ara rẹ̀ nínú ẹ̀rọ tó ohun tí èèyàn ń tìtorí rẹ̀ wo fíìmù.

Ṣùgbọ́n máíkì tó kọ ọ́ sí, báwo ni wọ́n ṣe rí i? Owó DJay kò tó máíkì gidi. Ó mú Nola, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tó ń bá a ṣòwò nínú ọkọ̀ yẹn, lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta irinṣẹ́ orin. Ó fi Nola lé ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù náà lọ́wọ́, òun sì gbé máíkì jáde. Nola, tí Taryn Manning ṣe, kò fi inú dídùn lọ. Ó ti ń sọ pé iṣẹ́ náà sú òun, pé òun náà fẹ́ mọ ohun tí òun lè dà. Lẹ́yìn ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, ó bá DJay fa ọ̀rọ̀ náà, ìbínú àti ẹkún sì wà lóhùn rẹ̀. Lexus, òmíràn nínú àwọn obìnrin DJay, ńkọ́? Ó bú DJay, ó fi àlá rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, DJay sì ti òun àti ọmọ ọwọ́ rẹ̀ síta. Ìtàn náà kò tẹ̀ lé e lọ síbì kankan. A kò mọ ibi tó sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Orin tí gbogbo èyí bí ni wọ́n pè ní "It's Hard Out Here for a Pimp". Ìráhùn ọkùnrin tó ń fi obìnrin jẹun ni, ó ń sọ bí ayé ṣe le fún òun. Ìlù rẹ̀ dára, mo sì mọ ìdí tí ara fi ń yá èèyàn tó bá gbọ́ ọ. Síbẹ̀ obìnrin tó ń wọ ọkọ̀ àjèjì láàárín òru kò rí orin tirẹ̀ kọ nínú fíìmù yìí. Ègbè ni ó gbè.

Àwọn tó ṣe fíìmù náà, ẹnu àáké tara wọn ni wọ́n fi lu àpáta. Owó ogún tí Brewer jẹ lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ ló fi ṣe fíìmù rẹ̀ àkọ́kọ́, The Poor & Hungry. Nígbà tó kọ Hustle & Flow, àwọn iléeṣẹ́ ńlá kò fẹ́ dá owó lé e. John Singleton, ẹni tó darí Boyz n the Hood lọ́dún 1991, tó sì jẹ́ aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí wọ́n dárúkọ fún ẹ̀bùn olùdarí níbi Oscar, ló ki ọwọ́ bọ àpò ara rẹ̀, tó kó nǹkan bíi mílíọ̀nù 2.8 dọ́là sílẹ̀. Ká ní fíìmù náà kò tà ni, òun ni ì bá jẹ gbèsè náà. Ní oṣù kìíní ọdún 2005, àwọn òǹwòran dìbò fún un níbi àjọ̀dún Sundance, wọ́n sì rà á ní mílíọ̀nù 9 dọ́là. Ìyẹn ni jíjẹ oyin inú àpáta bí òwe ṣe wí.

Ní oṣù kẹta ọdún 2006, orin náà gba Oscar. Àwọn ọmọ Memphis, Juicy J àti DJ Paul ti ẹgbẹ́ Three 6 Mafia pẹ̀lú Frayser Boy, ló gba ère náà lọ́wọ́, nítorí àwọn ló kọ orin. Three 6 Mafia ni ẹgbẹ́ ráàpù àkọ́kọ́ tó ṣeré lórí pèpéle Oscar. Isaac Hayes, tó ṣe ẹni tó ni ilé ọtí nínú fíìmù náà, ti gba irú ẹ̀bùn yìí fún orin Shaft lọ́dún 1972, ọmọ Stax lòun náà. Inú mi dùn sí Memphis lọ́jọ́ yẹn. Henson wà lórí pèpéle, ó ń gbè é.

Lọ́dọ̀ tiwa náà, láti Mushin dé Bódìjà, a mọ ọmọ tó ń lọ sitúdíò pẹ̀lú owó àjọ ìyá rẹ̀. A mọ èyí tí àbúrò rẹ̀ obìnrin fi ilé ìwé sílẹ̀ kí owó lè yọ fún fídíò. Àwa la sì ń kọ́kọ́ pa òwe fún wọn: má wo ẹnu àáké, lù ú! Bí orin bá wá gbà, a ó gbọ́ orúkọ ìyá náà lẹ́ẹ̀kan nínú orin ìdúpẹ́. Bí kò bá gbà, ta ló ń gbé àáké lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ? Ẹni tó bá yá àáké gbọ́dọ̀ wo ẹnu rẹ̀ dáadáa kó tó gbé e lu òkúta, nítorí ó ní ẹni tí yóò dá a padà fún. Mo rò pé bí àwọn àgbà ṣe gbọ́ òwe náà nìyẹn. Àwa la sọ ọ́ di ìwé àṣẹ.

Ẹ jẹ́ ká padà sínú fíìmù náà. Skinny Black, tí Ludacris ṣe, ni olórin ńlá tó ti Memphis jáde. Ó wá sí ilé ọtí ní ọjọ́ òmìnira Amẹ́ríkà. DJay fi ọ̀rọ̀ dídùn fà á mọ́ra títí tó fi gba kásẹ́ẹ̀tì orin náà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò pẹ́ tí DJay fi rí kásẹ́ẹ̀tì náà ní fífọ́ nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ìjà dé, ìbọn dún, DJay sì di èrò ẹ̀wọ̀n. Ta ló wá gbé orin náà dé orí rédíò? Nola ni. Ó wọ aṣọ tó bójú mu, ó ń ti iléeṣẹ́ rédíò kan bọ́ sí òmíràn, ó ń fi ẹnu ara rẹ̀ bẹ̀ wọ́n, títí tí wọ́n fi ń gbé e sáfẹ́fẹ́. Brewer mọ ohun tó ń ṣe níbẹ̀ yẹn, mo sì yìn ín fún un. Ìbá wù mí kó tún jẹ́ ká mọ̀ bóyá Nola rí owó kankan níbẹ̀.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn tí fíìmù náà jáde, ní 2015, Howard àti Henson tún pàdé nínú eré tẹlifíṣọ̀n Empire. Howard ni Lucious Lyon, ọmọ ìta tó ti di ọlọ́lá nídìí orin. 400,000 dọ́là owó oògùn olóró ló fi bẹ̀rẹ̀ iléeṣẹ́ rẹ̀, Cookie ìyàwó rẹ̀ ló sì ṣe ẹ̀wọ̀n ọdún 17 lórí òwò náà. Henson ló ṣe Cookie, ó sì gba Golden Globe fún un ní 2016. Ìbẹ̀rẹ̀ eré náà gan-an ni ọjọ́ tí Cookie jáde lẹ́wọ̀n. Ó wọ ọ́fíìsì Lucious, kò bẹ̀bẹ̀, kò sì wá gba ìdúpẹ́. Ó ní ìdajì iléeṣẹ́ náà ni òun wá gbà.