Ajá Tó Jẹ Koríko: Ṣé Inú Ló Ń Run Ún?

Ó ti pẹ́ tí ajá ti ń bá ọdẹ rìn ní ilẹ̀ Yorùbá, ojú àwọn àgbà sì ti mọ ìṣe rẹ̀. Bí ajá bá já koríko jẹ, tí ó sì bì í, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wí ni pé inú ló ń run ún, ó ti lọ wá ewé fún ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu lójú àwọn tó fi ewé ṣe egbòogi. Ṣùgbọ́n òtítọ́ kò pin síbẹ̀.

Ní ọdún 2008, àwọn onímọ̀ ìṣègùn ẹran ní Yunifásítì Kalifọ́níà tó wà ní Davis, ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n ti bi àwọn tó ní ajá, tí iye wọn lé ní 1,500, léèrè ọ̀rọ̀. Kò tó ajá 10 nínú 100 tí àìsàn hàn lára wọn kí wọ́n tó jẹ koríko. Nǹkan bí 22 nínú 100 ló sì máa ń bì lẹ́yìn rẹ̀. Ìkookò, tí í ṣe ìbátan ajá, a máa jẹ koríko pẹ̀lú. Ìwà àbínibí ni, kì í ṣe àmì àìsàn ní gbogbo ìgbà.

Ewu ń bẹ nínú àṣìmọ̀ yìí. Ẹni tó gbà pé ajá ti wo ara rẹ̀ sàn yóò káwọ́ gbera. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ajá tó ń bì léraléra, tó ń yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, tó sì kọ oúnjẹ, lè ti kó àrùn páfò, tó ń pa ajá láàárín ọjọ́ díẹ̀, tí abẹ́rẹ́ àjẹsára ì bá sì ti dènà rẹ̀. Àwọn mìíràn a sáré da epo pupa sí i lẹ́nu. Epo náà lè ṣìnà wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Koríko òde òní pàápàá kò rí bí ti àtijọ́: a ti ń fọ́n oògùn apakoríko sí oko àti etí ọ̀nà, májèlé sì ni fún ajá.

Àkíyèsí ni ogún tí àwọn àgbà fi sílẹ̀, ó sì yẹ kí àwọn ọmọ tẹ̀síwájú nínú rẹ̀. Ajá tó jẹ koríko tí ó ń ṣeré, kí a má nà án. Èyí tí ara rẹ̀ kò yá, kí a tètè gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran. Àìsàn là á wò, a kì í wo ikú.