Ẹ Jẹ́ Kí Àwọn Ọmọ Gun Olúmọ

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ìdí nìyí tí inú wa fi dùn sí ìmọ̀ràn pé kí ẹgbẹ́ kó àwọn ọmọ lọ sí Abẹ́òkúta nígbà ìsinmi, kí wọn gun Òkè Olúmọ. Ṣùgbọ́n àwọn òbí kan kò fẹ́. Onígbàgbọ́ ní ojúbọ òrìṣà ni. Mùsùlùmí náà wí bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn ní Òkè Patti wà lẹ́yìnkùlé wa, kí ni a tún ń wá òkè lọ sí ọ̀nà jíjìn?

Òkè Patti dára. Láti orí rẹ̀ ni a ti ń wo ibi tí odò Ọya àti odò Bẹ́núè ti pàdé. Ṣùgbọ́n Olúmọ ní ìtàn tirẹ̀. Nígbà tí ogun ti fọ́ àwọn ìlú Ẹ̀gbá, Ṣódẹkẹ́ kó àwọn ènìyàn kúrò ní Ìbàdàn, wọ́n sì tẹ̀dó síbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1830. Abẹ́ òkúta ni wọ́n forí pamọ́ sí. Òun ni ìlú fi ń jẹ́ Abẹ́òkúta. Kòtò tí àwọn obìnrin ti ń lọ oúnjẹ ṣì wà lára àpáta náà. Lẹ́yìn wọn ni àwọn Òwu dé, àwọn náà sì rí àyè. Ìlú àwọn tí ogun lé kúrò nílé ni.

Òótọ́ ni pé ojúbọ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n wíwò kì í ṣe bíbọ. Ẹni tí ó bá dé orí àpáta náà yóò rí ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́ ní Aké, yóò rí mọ́ṣáláṣí ńlá, yóò rí odò Ògùn pẹ̀lú. Ọmọ àwọn tí àpáta kan náà dáàbò bò ni ó kún inú méjèèjì.

Ẹ rántí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther. Ní ọdún 1841 ó bá ọkọ̀ dé ìpàdé odò wa yìí. Ní 1846 ó dé Abẹ́òkúta, ó sì tún rí ìyá rẹ̀ níbẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25 tí wọ́n ti kó o lẹ́rú. Lẹ́yìn náà ó padà wá sí agbègbè wa láti dá ìjọ sílẹ̀. Ọ̀nà Abẹ́òkúta sí Lọ́kọ́ja kì í ṣe ọ̀nà tuntun.

Bí wọ́n bá dé ibẹ̀, kí àwọn ọmọ kí onílé. Kí wọn má fọwọ́ kan ohun ojúbọ, kí wọn sì tọrọ àyè kí wọn tó ya fọ́tò. Ẹni tí kò bá fẹ́ súnmọ́ ojúbọ lè dúró lókèèrè; ẹnikẹ́ni kò ní fi ipá mú un. Àtẹ̀gùn wà fún àwọn àgbà. Ìjọba fi ẹ̀rọ tí ń gbé ènìyàn gòkè síbẹ̀ nígbà àtúnṣe ọdún 2006, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má gbára lé e.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tí a bí níhìn-ín gbọ́ Haúsá ju bí wọ́n ti gbọ́ ìtàn baba wọn lọ. Bí ọmọ kò bá mọ ibi tí àwọn baba rẹ̀ ti sá àsálà, báwo ni yóò ṣe mọ bí a ti ń gba àlejò? Ẹ kọ orúkọ wọn fún akọ̀wé ẹgbẹ́ ṣáájú ìpàdé tí ń bọ̀.