Ẹ Ṣí Ìwé Ìgbéyàwó Àwọn Àgbà Sílẹ̀ fún Wa!

"Bọ̀dá, ṣé ẹjọ́ ilẹ̀ lẹ fẹ́ lọ rò ni?" Ohun tí akọ̀wé ṣọ́ọ̀ṣì kan ní apá Yaba fi dá mi lóhùn nìyẹn, nígbà tí mo ní kó bá mi wo ìwé ìgbéyàwó ìyá tó bí ìyá mi. Mo ní rárá o, orúkọ bàbá màmá náà ni mo ń wá. Ó ní kí n gba lẹ́tà lọ́dọ̀ àlùfáà. Mo gbà á. Ó tún ní ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ kò sí nílé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wọ dánfó láti Surulere lọ síbẹ̀!

Ẹ̀yin ará, kí ló wà nínú ìwé yìí tí wọ́n fi ń ṣọ́ ọ bí awo Ògbóni? Orúkọ ọkọ àti aya ni, iṣẹ́ wọn, ibi tí wọ́n ń gbé, orúkọ bàbá kálukú wọn àti iṣẹ́ rẹ̀, àti àwọn ẹlẹ́rìí. (Orúkọ ìyá kò sí níbẹ̀. Àwọn òyìnbó tó ṣe fọ́ọ̀mù náà kò ka ìyá kún.)

Wọ́n á ní àṣírí ẹbí ni. Irọ́ ni! Láti 1884 ni òfin ìgbéyàwó ti wà l'Ékòó. Èyí tí à ń lò báyìí sọ pé kí àlùfáà fi ẹ̀dà ìwé ránṣẹ́ sí rẹ́jísítárà láàárín ọjọ́ 7, kí rẹ́jísítárà náà sì máa fi ẹ̀dà tirẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀ lóṣooṣù. Ẹni tó bá sanwó lè ní kí wọ́n bá òun wá a. Àṣírí wo ló tún kù níbẹ̀? Bí ikán bá tiẹ̀ jẹ ti ṣọ́ọ̀ṣì, ó yẹ kí òmíràn wà níbìkan.

Èyí tó dùn mí jù ni pé ní 1985, Kristin Mann, ọmọ Amẹ́ríkà, tẹ odindi ìwé jáde lórí bí àwọn ọ̀mọ̀wé Èkó àtijọ́ ṣe ń gbéyàwó. Àlejò mọ ilé wa, ọmọ onílé dúró lẹ́nu ọ̀nà!

Ẹ má ṣe bú ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ṣá. Àwọn tó ṣe ìdána lásán ní Mushin ńkọ́? Ta ló kọ tiwọn sílẹ̀? Orí àwọn ìyá àgbà ni ìwé wọn wà, ẹ tètè lọ bi wọ́n.

Ní tèmi, mo tún ń padà lọ sí Yaba lọ́jọ́bọ̀. Mo á mú àga dání, kí n lè jókòó de kọ́kọ́rọ́.