Ọ̀RỌ̀ ÌYÀNJÚ FÚN ILÉ: Ẹgbẹ́ Ọmọ Ìlú ní Ìdálẹ̀

Ó ṣọ̀wọ́n kí a tó rí agbo ilé kan ní Ìpata, tàbí ní ibòmíràn ní Ìlọrin, tí kò ní ọmọ, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò kan ní ìdálẹ̀. Àwọn kan wà ní Àkrá, àwọn kan ní Àbíjàn, àwọn kan sì ti ré òkun kọjá lọ sí Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà. Nígbà tí ọmọ bá fẹ́ lọ, àwa òbí a gbàdúrà fún un, a di oúnjẹ ọ̀nà fún un, a sì kìlọ̀ fún un kí ó sá fún ẹgbẹ́ búburú. Gbogbo èyí dára. Ṣùgbọ́n a kì í sábà bi í pé, ẹgbẹ́ rere wo ni yóò fi orúkọ sí nígbà tí ó bá gúnlẹ̀? Lórí ìbéèrè yìí ni ọ̀rọ̀ wa ti ọ̀sẹ̀ yìí dúró lé.

Kì í ṣe ohun titun ni kí àwọn ọmọ ìlú kan kó ara wọn jọ ní ilẹ̀ àjèjì. Àwọn bàbá wa ṣe é ní ilẹ̀ Gánà, tí à ń pè ní Gold Coast títí di ọdún 1957. Ìlọrin ti jẹ́ ìlú òwò láti ìgbà pípẹ́, níbi tí àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Haúsá àti ti ilẹ̀ Yorùbá ti ń pàdé. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé ibẹ̀ ní ọdún 1908, tí ọ̀nà mọ́tò sì tẹ̀ lé e, ìrìn àjò wá rọrùn ju ti àtijọ́ lọ. Ilẹ̀ ìhà tiwa kì í ṣe ilẹ̀ kòkó; nítorí náà ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń wá owó orí àti owó ìyàwó di ẹrù òwò, wọ́n sì kọjú sí ìwọ̀-oòrùn. Láti Ìlọrin, Ọ̀fà, Ògbómọ̀ṣọ́, Èjìgbò, Ìníṣà, Ìgbẹ́tì, Ìgbòho àti Ṣakí ni púpọ̀ nínú wọn ti lọ. Wọ́n ń ta aṣọ àti onírúurú ọjà wẹ́wẹ́ láti Àkrá àti Kùmásí títí dé Tamale ní ìhà àríwá, àwọn obìnrin kò sì gbẹ́yìn. Nígbà tí ìjọba Gánà ka ènìyàn ní ọdún 1960, àwọn Yorùbá tí ó wà níbẹ̀ tó nǹkan bí 100,000.

Ẹni tí ó bá dé ìlú tí kò gbọ́ èdè wọn, ará ìlú rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ bèèrè. Láti ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a ka iṣẹ́ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí àwọn tí kò rìn rí a máa rò pé àríyá àti aṣọ ẹbí nìkan ni wọ́n ń ṣe.

Èkíní ni gbígba àlejò. Ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé rí ẹní sùn, ó sì rí ẹni tí yóò ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tí ń fi ọjà sílẹ̀ láwìn. Èkejì ni àìsàn, nígbà tí kò sí ìyá nítòsí tí yóò se omi gbígbóná. Ẹ̀kẹta ni òkú. Kò sí ohun tí ń ba ọkàn aráàlú jẹ́ tó pé kí a sin ọmọ ẹni bí ẹni tí kò ní ẹbí. Ẹgbẹ́ a dá owó jọ, a sì ránṣẹ́ sílé kí ìtúfọ̀ lè dé etí àwọn tí ó bí i. Ẹ̀kẹrin ni ìjà, èyí tí ó sàn kí àwọn àgbà parí lábẹ́ òrùlé ju kí a gbé e lọ sí kóòtù níwájú onílẹ̀. Ẹ̀karùn-ún ni iṣẹ́ ìlú: owó tí a dá ní ìdálẹ̀ ti kọ́ ilé ẹ̀kọ́, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí ní ìlú púpọ̀ ní ilẹ̀ wa. Ilé ìsìn pàápàá ṣe iṣẹ́ ẹgbẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìjọ Onítẹ̀bọmi ìṣáájú ní Gánà, àwọn oníṣòwò Yorùbá ni ó dá wọn sílẹ̀, èdè Yorùbá ni a sì fi ń wàásù nínú wọn.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ ìdánwò dé. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Gánà, tí Dókítà K. A. Busia jẹ́ olórí rẹ̀, pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ láti gbé ìlú lọ gbà á láàrín ọjọ́ 14, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí wọ́n jáde. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin ará! Ọjọ́ 14 fún ẹni tí ó ti lo ọgbọ̀n ọdún níbẹ̀, tí ó bí ọmọ síbẹ̀, tí ó sin bàbá rẹ̀ síbẹ̀. Owó àwìn tí ó wà lóde kò ṣeé gbà mọ́. Ọjà inú ìsọ̀ di ohun tí a ń tà ní ọ̀pọ̀. Ọmọ tí kò mọ Ìlọrin tàbí Ọ̀fà ju orúkọ lọ wọ ọkọ̀ ẹrù pẹ̀lú ìyá rẹ̀, wọ́n sì padà sí ilẹ̀ tí ogun abẹ́lé kò tíì parí nínú rẹ̀, nítorí oṣù kìíní ọdún 1970 ni ogun náà tó dáwọ́ dúró.

Kí ni ẹgbẹ́ lè ṣe ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀? Kò lè yí àṣẹ ìjọba padà. Ohun tí ó lè ṣe wà nínú ohun tí ó ti ṣe ṣáájú ọjọ́ náà. Bí ó bá ti ń rán àwọn ọmọ rẹ̀ létí ìwé àṣẹ, díẹ̀ ni yóò bá a ní òfo ọwọ́. Bí ó bá ní ìwé orúkọ tí ó pé, kò sí opó tàbí arúgbó tí a ó gbàgbé sẹ́yìn. Bí ó bá sì ní ẹ̀ka ní ilé, a ó ti mọ ibi tí àwọn tí ń bọ̀ yóò sùn. Ẹni tí ó ti kọ́ ilé sí ìlú rẹ̀ rí ibi fi orí pamọ́ sí; ẹni tí kò kọ́, yàrá ìbátan ni ó wọ̀. Èyí ni kókó ọ̀rọ̀ wa: ẹgbẹ́ ìdálẹ̀ nílò ẹsẹ̀ méjì, ọ̀kan lọ́hùn-ún, ọ̀kan nílé. Ẹlẹ́sẹ̀ kan kì í pẹ́ rẹ̀.

Kí a má sì sọ ìtàn yìí bí ẹni pé ọwọ́ tiwa mọ́. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1983, ìjọba Nàìjíríà náà fún àjèjì tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Àwọn tí ó jáde lé ní mílíọ̀nù kan, ọmọ Gánà ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Àpò tí wọ́n fi kó ẹrù ni à ń pè ní "Ghana Must Go" títí di òní. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn orílẹ̀-èdè wa ti dá ECOWAS sílẹ̀ ní ọdún 1975, wọ́n sì ti fọwọ́ sí i ní ọdún 1979 pé kí ọmọ ìlú kan lè wọ ìlú kejì fún 90 ọjọ́ láìgba físà. Kí ẹni tí ń lọ kíyèsí i: lẹ́yìn 90 ọjọ́ náà, ìwé àṣẹ ìgbé ṣì ń bẹ láti gbà.

Àwọn ẹlòmíràn ní ayé pẹ̀lú ti rí i pé ẹsẹ̀ méjì ni ó yẹ. Ẹ wo Nepal, ilẹ̀ olókè tí ó wà láàrín Íńdíà àti Ṣáínà. Àwọn ọmọ ogun wa tí wọ́n jà ní Burma ní ọdún 1944 àti 1945 bá àwọn Gurkha, tí í ṣe ọmọ Nepal, wà ní ojú ogun kan náà. Lónìí, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ Nepal ni ń lọ ṣe lébìrà ní Qatar, Sáúdí àti Màléṣíà. Ní ọdún 2003 àwọn ọmọ Nepal tí ó wà káàkiri ayé dá ẹgbẹ́ ńlá kan sílẹ̀. Ní ilé, òfin tí wọ́n ṣe ní ọdún 2007 mú kí òṣìṣẹ́ dá owó díẹ̀ sí àpò kan kí ó tó lọ. Láti inú àpò yìí ni a ti ń ran àwọn ará ilé lọ́wọ́ bí ó bá kú sọ́hùn-ún. Owó kékeré ni, ṣùgbọ́n a ti dá a kí àìní tó dé.

Ní tiwa, ohun tí ó ń tú ẹgbẹ́ ká kì í ṣe àìní owó bí kò ṣe àìṣírò owó. Ẹni tí ó bá ti di ìwé ìṣirò mú fún ọdún díẹ̀ mọ èyí. Kí akápò gba owó, kí akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹlòmíràn tí kì í ṣe ọ̀kan nínú wọn yẹ ìwé wò. Kí a fún olúkúlùkù ní rìsíìtì. Kí owó wà ní báńkì, kí ó má ṣeé gbà láìsí ìfọwọ́sí ènìyàn méjì. Kí a ka ìṣirò sókè ní ìpàdé oṣooṣù. Kí a má sì yá owó tí a dá fún òkú àti àìsàn fún ẹnikẹ́ni láti fi ṣòwò, ìbáà ṣe alága pàápàá.

Ní ìkẹyìn, ọ̀rọ̀ kan fún àwa tí a wà nílé. Kí ọmọ tó lọ, ẹ mọ ẹgbẹ́ tí yóò gbà á àti ibi tí wọ́n ti ń pàdé. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún, nọ́ńbà ìwé ìrìnnà rẹ̀ àti ti tẹlifóònù rẹ̀, kí ẹ fi í pamọ́ sínú àpótí. Bí ó bá fi owó ránṣẹ́ fún ìpìlẹ̀ ilé, ẹ má ṣe fi í ṣe ìnáwó. Ilé náà lè jẹ́ ibi ìsádi rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Bí ẹnìkan bá wá ṣèlérí iṣẹ́ fún ọmọbìnrin yín ní Lẹ́bánónì tàbí ní Líbíyà, tí ó sì ní kí ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni, ẹ mọ̀ pé oko ẹrú ni ó ń mú un lọ. NAPTIP, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 2003, ni kí ẹ sọ fún. Kí a sì rántí àlejò tí ó wà láàrín wa pẹ̀lú. Òfin Mósè ka àlejò mọ́ opó àti aláìníbaba, ìlú bí Ìlọrin tí ẹ̀yà púpọ̀ para pọ̀ kọ́ kò sì gbọdọ̀ gbàgbé èyí. Bí a ti ń ṣe sí ọmọ ẹlòmíràn ní Ìpata, bẹ́ẹ̀ ni kí a máa gbàdúrà pé kí wọ́n ṣe sí ọmọ tiwa lọ́hùn-ún.

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí ń bọ̀ bá ilé ní ìdúró.